Ibà Ọjọ́ Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: Àkọsílẹ̀ Ìtọ́jú Ọ̀dọ́mọkùnrin Kan ní Ìbàdàn

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní ìgboro Ìbàdàn. Òun, ìyá rẹ̀ tó ń ta oúnjẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti ọmọ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n náà ni wọ́n jọ ń gbé nínú agbo ilé kan tó jẹ́ pé omi kànga ni wọ́n ń mu níbẹ̀. Ọjọ́ kọkànlá tí ara rẹ̀ ti ń gbóná ni wọ́n gbé e wá sí wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. N kò ní dárúkọ òun tàbí ilé ìwòsàn náà, nítorí ọ̀rọ̀ ara aláìsàn kì í ṣe ti gbogbo ayé. Ohun tó mú mi kọ ọ́ sílẹ̀ ni pé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́, gbogbo àwọn tó tọ́jú rẹ̀ ló fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, tí wọ́n rí i pé ó gbóná, tí wọ́n sì fún un ní oògùn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè pé ọjọ́ mélòó ni ara náà ti ń gbóná, tàbí pé báwo ló ti ṣe sí lẹ́yìn oògùn tó lò kẹ́yìn. Ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì yẹn ló tọ́ka sí ohun tó ń ṣe é.

Nígbà tí mo ń gba ìtàn àìsàn rẹ̀ sílẹ̀, ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ sọ pé, "Nọ́ọ̀sì, ó ti tó ọjọ́ díẹ̀." Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni nǹkan ìkẹyìn tí ẹ rí i tó ṣe tí ara rẹ̀ ṣì le koko?" Ó rántí pé ọmọ náà bá wọn lọ síbi ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ Àìkú, ó jẹun, ó jó, kò sí ohun kan tó ṣe é. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìyẹn ọjọ́ Ajé, ó ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó ní orí ń fọ́ òun, òtútù sì ń mú òun. Ọjọ́ Ajé yẹn ni a kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ kìn-ín-ní. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹbí ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ láti ìgbà tí ẹ̀rù ti bà wọ́n, tàbí láti ọjọ́ tí aláìsàn gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, irú kíkà bẹ́ẹ̀ sì lè mú ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kúrò nínú iye tòótọ́. Ibà ọjọ́ mẹ́fà àti ibà ọjọ́ mọ́kànlá kì í gbé ọkàn dókítà lọ síbì kan náà.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá rẹ̀ rà oògùn màléríà ACT fún un ní kẹ́mísìtì àdúgbò, láìṣe àyẹ̀wò kankan. Ó lò ó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta bó ti yẹ, ó sì ń fi parasítámọ̀ọ̀lù tì í. Oògùn yìí kì í ṣe oògùn yẹpẹrẹ. Láti 2005 ni ìjọba Nàìjíríà ti fi í rọ́pò chloroquine, bí ó bá sì jẹ́ màléríà ló ń ṣe ènìyàn, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni ara rẹ̀ máa ń balẹ̀, nítorí pé oògùn náà tètè ń pa kòkòrò àrùn náà nínú ẹ̀jẹ̀. Ara ọmọ yìí kò balẹ̀. Ìyá rẹ̀ ṣàkíyèsí ohun kan tí n kò lè gbàgbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní tẹmómítà nílé: ó ní bí ilẹ̀ bá mọ́, ara rẹ̀ a rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ìgbóná náà á tún dé, ti ìrọ̀lẹ́ òní á sì le ju ti àná lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń gòkè bí ẹni ń gun àkàbà, títí ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní fi parí.

Ní ọjọ́ kẹfà wọ́n padà sí kẹ́mísìtì, níbi tí wọ́n ti gún un lọ́mọ ìka láti fi pátákó àyẹ̀wò kékeré wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ilà méjì yọ. Wọ́n ní màléríà rẹ̀ ti gbó, wọ́n sì fún un ní abẹ́rẹ́ artemether fún ọjọ́ mẹ́ta. Ibí yìí gan-an ni nǹkan ti ṣì wọ́n lọ́nà. Irú àyẹ̀wò yẹn kì í wo kòkòrò màléríà fúnra rẹ̀. Èròjà kan tí kòkòrò náà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń wò, èròjà yìí sì lè wà lára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú tán. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ACT tán, tí a wá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì, ilà méjì tó yọ kò sọ nǹkan kan fún wa nípa ibà tó wà lára rẹ̀ lónìí. Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń sọ pé kí a máa ṣe àyẹ̀wò kí a tó fún ènìyàn ní oògùn màléríà, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe é ní ọjọ́ kẹta, à bá mọ̀ bóyá ọmọ náà ní màléríà rárá.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ará ilé kan ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò ibà jẹ̀funjẹ̀fun, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí táífọ́ọ̀dù. Àyẹ̀wò Widal ni wọ́n ṣe, èyí tí Fernand Widal, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé jáde ní 1896. Ó ń wo bóyá ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ti bá kòkòrò náà jà rí. Kò lè sọ bóyá ìjà náà ń lọ lọ́wọ́ tàbí ó ti parí lọ́dún tó kọjá. Nílẹ̀ tí kòkòrò náà ti wọ́pọ̀ nínú omi àti oúnjẹ, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn le ni Widal wọn máa ń ga. Èsì ti ọmọ yìí ga. Lóòótọ́, bí ọ̀rọ̀ ṣe já sí nígbẹ̀yìn, táífọ́ọ̀dù ló ń ṣe é, síbẹ̀ èmi kò gbà pé èyí dá ìwé Widal yẹn láre, nítorí irú ìwé kan náà ni wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ní in. Wọ́n ra ciprofloxacin, oògùn apakòkòrò kan, díẹ̀ fún un, ó lò ó fún ọjọ́ méjì, ìgbóná kò lọ, wọ́n sì dá a dúró. Àgbo ló mu ní ọjọ́ kẹwàá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkànlá, Ọjọ́bọ̀, kò lè dìde nílẹ̀ mọ́.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìgbóná ara rẹ̀ jẹ́ 39.8 °C. Ahọ́n rẹ̀ funfun láàárín, etí ahọ́n náà pupa, ikùn rẹ̀ wú díẹ̀, ó sì ń dùn ún bí a bá tẹ̀ ẹ́. Kò ṣe ìgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ló wá ń yàgbẹ́ gbuuru. Ìlù ọkàn rẹ̀ kò yára tó bó ṣe yẹ: ẹni tí ara rẹ̀ gbóná tó bẹ́ẹ̀, èèyàn á retí pé kí ìlù ọkàn rẹ̀ kọjá àádọ́fà níṣẹ̀ẹ́jú kan, ṣùgbọ́n mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni mo kà. Dókítà tún ka á fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo alárùn táífọ́ọ̀dù la ti ń rí èyí, àmọ́ bí a bá rí i lára ẹni tí ibà rẹ̀ ti wọ ọ̀sẹ̀ kejì, ó yẹ kí a fojú sí i.

Ohun tí dókítà kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ní kí gbogbo wa wọ ìbọ̀wọ́, kí a má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ lásán kan ẹ̀jẹ̀ tàbí ìgbẹ́ aláìsàn náà. Ó béèrè bóyá ó ti dé Ọ̀wọ̀ tàbí apá ibòmíràn ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tàbí Ẹdó láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, bóyá eku ń jẹ nínú gààrí wọn, bóyá ẹnì kan nílé ṣàìsàn bẹ́ẹ̀ tó sì kú. Ibà tí kò gbọ́ oògùn màléríà, tí kò sì gbọ́ oògùn apakòkòrò, lórílẹ̀-èdè wa, a gbọ́dọ̀ ro ti Lassa mọ́ ọn. Ìdáhùn wọn kò tọ́ka síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì dà níbikíbi lára rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò bọ́ ìbọ̀wọ́ náà títí èsì àyẹ̀wò fi dé.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí iye ọjọ́ ṣe ràn wá lọ́wọ́ ní ọ̀sán yẹn. Ọ̀pọ̀ ibà tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, irú èyí tó ń bá ọ̀fìnkìn rìn, kì í ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ti fúlúù lè tó ọjọ́ márùn-ún, nígbà míràn ọ̀sẹ̀ kan. Kì í ṣe oògùn ló ń lé e lọ, ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ bí a ti ń bá fáírọ́ọ̀sì náà jà, ó sì máa ń kọ́ ọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nítorí náà, fáírọ́ọ̀sì lásán kò lè tètè ṣàlàyé ọjọ́ mọ́kànlá. Màléríà tí a ti fún ní oògùn tó péye kò lè ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lú, dókítà sì wo ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà lábẹ́ awò asọhundi-ńlá, kò rí kòkòrò kankan níbẹ̀. Ikọ́ fée lè mú kí ara máa gbóná lálẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló máa ń wọlé, ó sì máa ń jẹ ara ènìyàn kí ó tó gbé e ṣánlẹ̀. Nígbà tí ibà bá sì kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìjẹ́ pé a rí ìdí rẹ̀, àyẹ̀wò rẹ̀ á gba ọ̀nà mìíràn pátápátá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Petersdorf àti Beeson, dókítà méjì nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ṣe ààlà rẹ̀ ní 1961. Ọmọ wa yìí wà ní àárín méjèèjì: ó ti pẹ́ ju fáírọ́ọ̀sì lọ, kò sì tíì pẹ́ tó ìyẹn. Ibà tó gòkè díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, tó wá dúró sókè ní ọ̀sẹ̀ kejì, pẹ̀lú ikùn tó wú, àwòrán táífọ́ọ̀dù nìyẹn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Carl Wunderlich ní Leipzig, nílẹ̀ Jámánì, ti ń kọ ìgbóná ara àwọn aláìsàn sílẹ̀ lójoojúmọ́, tó sì fi hàn ní 1868 pé àrùn kọ̀ọ̀kan ní bí ibà tirẹ̀ ṣe ń rìn. Ìwé ìwọ̀n ìgbóná tí à ń so mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì títí di òní, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

A fa ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀gbìn kòkòrò ní láábù, láti wo kòkòrò tí yóò hù nínú rẹ̀, kí a tó fún un ní oògùn tuntun, lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ ceftriaxone, oògùn apakòkòrò mìíràn, sínú iṣan rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ẹ̀rù bà wá pé ciprofloxacin tó ti lò lè má jẹ́ kí kòkòrò hù, nítorí àyẹ̀wò yìí tilẹ̀ máa ń pàdánù bíi ìdajì nínú àwọn tó ní àrùn náà lóòótọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìgbóná ara rẹ̀ jẹ́ 39.6. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ mẹ́ta, ó jẹ́ 39.7. Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ dé láti ìlú mìíràn, tó rí i bó ṣe ń gbọ̀n, tó sì bínú gidigidi. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ ti ń fún un lábẹ́rẹ́, ara rẹ̀ ṣì ń gbóná báyìí! Ẹ fún wa ní ìwé, ẹ jẹ́ ká máa gbé e lọ." Ìyá ọmọ náà ti ń di ẹrù. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí wọ́n ti lo oògùn mẹ́ta tí kò ṣiṣẹ́, wọ́n sì rò pé èyí ni ìkẹrin. Dókítà mú àga, ó jókòó tì wọ́n, ó ní, "Bàbá, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́."

Ó ṣàlàyé pé kòkòrò táífọ́ọ̀dù kì í dúró nínú ẹ̀jẹ̀ nìkan. Àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kí ó gbé e mì kí ó sì pa á, inú wọn gan-an ló ń sá pamọ́ sí, wọ́n sì ń gbé e kiri dé ẹ̀dọ̀, dé ìfun, dé inú egungun. Oògùn tó péye pàápàá máa ń pẹ́ kí ó tó bá a nínú ibi tó sá sí. Nítorí náà, pẹ̀lú ceftriaxone, ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà ni ibà máa ń ṣe kí ó tó lọ, kì í ṣe ọjọ́ méjì sí mẹ́ta bíi ti màléríà. Bí a kò bá sì fún un ní oògùn rárá, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ó wá fi ohun tí òun ń wò hàn wọ́n: ikùn ọmọ náà ti rọ̀ ju ti Ọjọ́bọ̀ lọ, ó ti béèrè ògì ní òwúrọ̀, ó dá orúkọ gbogbo wọn mọ̀, ìlù ọkàn rẹ̀ kò sáré. Ó sọ ohun tí òun ń bẹ̀rù náà fún wọn láìfi bò: ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìfun lè lu, nítorí náà bí inú bá dédé dùn ún gan-an, tí ikùn sì le bíi pákó, iṣẹ́ abẹ ni yóò kàn. Gbígbé e kiri nínú ọkọ̀ láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn, kí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ oògùn mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀, ni ó lè ṣe é ní jàǹbá jù lọ.

Wọ́n dúró. Mo rò pé ohun tó tù wọ́n nínú ni pé ẹnì kan sọ iye ọjọ́ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ìrètí wọn ti ní ibi tí yóò dúró sí. Ó yẹ kí àwa òṣìṣẹ́ ìlera máa sọ ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí a má dúró di ìgbà tí ẹbí bá ń di ẹrù.

Ní ọjọ́ Àìkú, ìgbóná ìrọ̀lẹ́ jẹ́ 38.9. Ní ọjọ́ Ajé, 38.2, èsì láábù sì dé: Salmonella Typhi, kòkòrò táífọ́ọ̀dù, ló hù, ciprofloxacin kò ràn án mọ́, ceftriaxone ràn án. Ìdí rèé tí oògùn ọjọ́ méjì yẹn kò fi ṣe nǹkan kan. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 37.6; ní Ọjọ́rú, 36.9. Bí a bá kà á láti ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ títí di ọjọ́ Ajé tí ìgbóná kọjá 38 kẹ́yìn, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gééré ni.

Ní àárín ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sáré gbé ọmọ rẹ̀ wá, ọmọ oṣù mẹ́wàá, ara rẹ̀ gbóná dé 40.1. Ìgbóná tirẹ̀ ga ju ti arákùnrin ìyá rẹ̀ lọ, gbogbo ilé sì gbà pé àrùn kan náà ti ràn án. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì rẹ̀ nìyẹn péré. A yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún màléríà, a yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, kò sí nǹkan kan. Ó ń mu ọmú, bí parasítámọ̀ọ̀lù bá sì ti mú ìgbóná rọlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń ṣeré. Dókítà kò fún un ní oògùn apakòkòrò, ó ní kí wọ́n máa gbé e wá lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kẹrin ìgbóná náà dédé lọ, èélá pupa wẹ́wẹ́ sì yọ sí i láyà àti ọrùn. Ìyá àgbà rẹ̀ pariwo pé èéyi ni. Kì í ṣe èéyi: bí èéyi bá yọ, ìgbóná á ṣì wà níbẹ̀, á tilẹ̀ le sí i, ojú ọmọ á pupa, á máa wúkọ́. Fáírọ́ọ̀sì kan tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì ló máa ń fa ibà ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, tí èélá á wá yọ lẹ́yìn tí ibà bá ti lọ. Èélá náà pòórá lọ́jọ́ kejì. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta ni, a kì bá tí dúró ka ọjọ́ kankan. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí ìgbóná rẹ̀ bá dé 38 gbọ́dọ̀ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gba abẹ́rẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá pé kí a tó dá a sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọjọ́ keje abẹ́rẹ́ náà ló ti ń bẹ̀bẹ̀ láti lọ. Táífọ́ọ̀dù lè padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn ìtọ́jú, nítorí náà a ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ra tẹmómítà, kí ó máa kọ ìgbóná ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ sínú ìwé fún oṣù kan. Kò sí ìrọ̀lẹ́ kankan tó kọjá 37.3 nínú ìwé tó gbé wá. A yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò, a sì yẹ ti ìyá rẹ̀ wò pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ le koko lè gbé kòkòrò yìí sínú àpò òróòro fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó sì máa fi ọwọ́ rẹ̀ pín in fún àwọn tó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀. Ìyá náà dá oúnjẹ títà dúró fúnra rẹ̀ títí èsì fi jáde, ó sì mọ́.

Àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ lọ sí agbo ilé náà. Kànga náà kò jìnnà sí ṣáláńgá rárá, kò sì ní ìdérí. Wọ́n ní kí wọ́n dá mímu omi rẹ̀ dúró, kí wọ́n máa fi fọ aṣọ nìkan, kí wọ́n sì se omi mímu títí wọn yóò fi rí ibòmíràn pọn.